Bi Àgbà Léèrè Kí O Tó Tú Kíkì

Logbaba, Douala
Ọjọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn ìrun Aláásàrí

Sàkíràtù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ilé tuntun. Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí o rí lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó kú. Ara ìyá rẹ le, ara èmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú.

Mo mọ̀ pé o ó rẹ́rìn-ín pé láti Logbaba sí Makepe níbí, bàbá mi jókòó ó ń kọ lẹ́tà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ìdí rẹ̀ ni pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, “bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni o ó máa wí títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá sì wá, o ó kúnlẹ̀, o ó gbé oúnjẹ wá, ojú rẹ á wà nílẹ̀, mi ò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ. Ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ fún lẹ́tà. Jókòó kà á. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní jáde dáadáa lẹ́nu mi ní Faransé. Ibi tó bá le fún ọ, pe ìyá rẹ kó kà á fún ọ.

Ìyá rẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Má bínú sí i, ọ̀rọ̀ tó tóbi tó yẹn kò lè dá wà nínú èèyàn kan. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ọkọ̀ ìyá kan tó máa ń kó ẹja láti Youpwè wọ gáréèjì tí o ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá yí kọ́kọ́rọ́, “kà” ẹ̀ẹ̀kan péré ni, iná iwájú á sì ṣú. Tọ́ńtọ́ǹ Albert, tó dàgbà jù nínú yín, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Le démarreur est mort.” Kíkì, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó jí, ti kú. Ìwọ ti rí i pé orí wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní masse, ti hu nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. O rí i, o sì dákẹ́, torí Tọ́ńtọ́ǹ jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n tú kíkì ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n wá òmíràn, ọjọ́ méjì lọ sí i, ìyá náà sì ń wá lárààárọ̀ láti wá bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n de kíkì tuntun tán, “kà” náà ló tún wí. Ìgbà tí Tọ́ńtọ́ǹ lọ jẹun ni ìwọ yọ́ lọ ha orí wáyà yẹn, o dè é le, ọkọ̀ sì jí. Tọ́ńtọ́ǹ dé, wọ́n kí i kú iṣẹ́, ìwọ náà sì bá wọn kí i.

Madáàmù Solange tó ni gáréèjì ti rí ọ láti ojú fèrèsé. Ó pè ọ́ wọlé, ó ní, “Ma fille, dès lundi, c'est toi qui regardes d'abord. Les autres attendent.” Pé láti Mọ́ńdè lọ, ọkọ̀ yòówù tó bá kọ̀ láti jí, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Tọ́ńtọ́ǹ Albert pẹ̀lú. Ó ní kí o fún òun lésì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìwọ wá sọ fún ìyá rẹ pé, “Màmá, mi ò lè máa commander èèyàn tó jẹ́ ẹgbẹ́ Papa. Màá refuser.”

Àbẹ̀kẹ́, má kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti wá. Èmi ni mo fi kọ́ ọ. Bóyá o ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. O ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ páànù mi, ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n kò jó. Èmi ti wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìwọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, o bi ọkùnrin náà pé, “Papa, ṣé ẹ ti bu epo sí i?” Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo fi ojú ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ wò ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, mo ní ṣé bàbá tó tó báyìí ni o ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo sì lé ọ wọlé. Epo ló tán nínú ọkọ̀ náà. Mi ò wá bá ọ nínú ilé láti sọ fún ọ. O ò tún bi oníbàárà kankan léèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi ní ẹ̀kọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ lónìí. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbà á.

Ní báyìí, jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi fún ọ. Mo fẹ́ kà á lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mo lè yà bàrá.

Ẹ̀kíní. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò yí rárá, má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bi ẹni tó wà á léèrè ohun tó ṣe gbẹ̀yìn kó tó kú. Lẹ́yìn náà, ní kó sọ̀ kalẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ jókòó síbi tó jókòó sí. Wo jíà. Bó bá jẹ́ ọtọ́, èyí tó ń pa jíà dà fúnra rẹ̀, ṣé ọwọ́ jíà wà ní P tàbí N? Bí kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ kò ní dá ọ lóhùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí o ò bá tẹ búrẹ́kì, wọn ò ní yí, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí o tẹ kíláṣì dé ìsàlẹ̀. Kò gba sípánà, kò gba mítà. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹnu ló dùn láti fi sọ. Ìdí tí mo fi fi í ṣe ẹ̀kíní ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, tí ìyá rẹ pàápàá kò gbọ́ rí.

Ọdún kẹta tí mo dé Douala ni, a ò tíì bí ọ. Alhaji Gàníyù, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ẹni tí gbogbo àwa Yorùbá tí a wà ní Logbaba ń pè ní bàbá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ọtọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ dé bá a pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí ìlú Edéa, àti pé lẹ́yìn ìrun Àyìlá ni wọ́n máa sin ín. Ó gbéra. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa láti gbé ìyàwó rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ìyàwó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ọkọ̀ kò wí nǹkan kan.

Ọ̀gá mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sáré jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo kí i kú ìrọ́jú. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ibi tí ọwọ́ jíà wà. Mo fi Ọlọ́run búra, ó wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe bi Alhaji Gàníyù, tó ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi, pé ṣé jíà yín wà níbi tó yẹ? Báwo ni màá ṣe sọ fún un, nínú ọ̀fọ̀, pé kó dìde kí èmi jókòó? Tàbí kí n na ọwọ́ kọjá lórí itan rẹ̀, kí n máa tú ọwọ́ jíà wò? Mo ní, “Kíkì ni, sà. Mo máa tú u kíá.”

Mo tú u. Mo fi wáyà ta á nílẹ̀, ó yí fíìn. Dípò kí n dúró bi ara mi léèrè, mo ní bóyá ó ń há ni, mo fọ̀ ọ́, mo dè é padà. Ọkọ̀ kò wí nǹkan kan. Mo tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Alhaji sọ pé òun fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ èrò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì sọ pé, “Ó ti fẹ́ jí, sà.” Èyí ló ń dùn mí jù. Ká ní mo jẹ́ kó lọ ni, ìbá dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó mọ̀ pé òun ò bá a mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Èmi jókòó sórí àga rẹ̀, ojú mi sì lọ sí ọwọ́ jíà. D, ti ìrìn, ló wà. Mo tì í sí P, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaji gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó sáré padà tòun tomi lọ́wọ́, ó ní, “Kí ló ṣe é?” Mo ní, “Kíkì ló ń há, sà. Mo ti tún un ṣe.” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó tutù lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi. Ìgbà tí ó fi dé Edéa, wọ́n ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sàréè kúrò lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ yìí jà fún òun lọ́jọ́ tí kíkì òun kú. Mò ń dọ̀bálẹ̀, mò ń gba àdúrà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbà á.

Ṣé o wá rí i? Èmi náà rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un. Ìbẹ̀rù ni. Ọ̀wọ̀ tó yẹ kí n bù fún un lọ́jọ́ náà ni kí n jẹ́ kó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ mi, kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, kí àgbà dáadáa, kí o sì dìde bi í léèrè. Ìkúnlẹ̀ kò dí ìbéèrè lọ́wọ́. Sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí n wo nǹkan kan.” Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ìbínú rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀kejì. Fi etí ṣe iṣẹ́ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Tan iná iwájú, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́, kí ìwọ máa wò. Bí iná bá kú pátá, tàbí tí ọkọ̀ ń ṣe “tá-tá-tá-tá”, bátìrì ni kí o kọ́kọ́ fura sí, àti orí rẹ̀. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere, tí ọkọ̀ sì dákẹ́ pátápátá, àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ kíkì: wo jíà, wo fíúsì, wo rílè, wo ibi kọ́kọ́rọ́. Bó bá wí “kà” ẹ̀ẹ̀kan, àṣẹ dé, agbára ni kò dé tàbí kíkì ni kò lè gbé e. Tọ wáyà nípọn méjèèjì láti orí bátìrì dé ìdí wọn kí o tó fẹ̀sùn kan kíkì. Kíkì ni ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ níbí, mo máa ń jókòó ságbolé, bí ọkọ̀ bá ti kọ̀ lójú títì, màá ti pariwo pé kíkì ni. Àwọn ará àdúgbò wá ń pè mí ní Monsieur Démarreur. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Má gba ojú gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ wáyà. Òjò Douala máa ń wọ ibi tí ojú kò tó, ọkọ̀ tó bá sì ń lọ Youpwè lójoojúmọ́, omi ẹja àti iyọ̀ ti bá a ṣe ohun tó fẹ́. Wáyà lè dára lójú kó ti jẹrà nínú rọ́bà. Dì í mú, mì í, gbé wáyà mìíràn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé o mọ èyí jù mí lọ, mo kàn fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ni.

Ẹ̀kẹrin. Bó bá di pé o fẹ́ fi irin ta kíkì lábẹ́ ọkọ̀, tún lọ wo jíà, kí o sì fa búrẹ́kì ọwọ́. Àpá ojúgun mi tó jẹ́ pé ìgbàkúùgbà ni o ń béèrè rẹ̀, tí mo ní ajá ló bù mí jẹ, irọ́ ni. Ọkọ̀ tó wà nínú jíà ló fò mọ́ mi, ó sì gbé mi lẹ̀ mọ́ ògiri. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ yìí náà níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń jẹ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni Tọ́ńtọ́ǹ Albert. Kò ṣe ọ́ ní ibi, má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Mọ́ńdè tó dé, lọ bá a níbi tí èèyàn kò sí. Má kúnlẹ̀ fún un o, kì í ṣe ara wa, ó lè rò pé nọ́ọ̀tì ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí o sì ń wá a. Sọ fún un pé wáyà ni, pé o rí i, pé o dákẹ́, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ kò dáa. Bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ́ ọ ní ohun tí o ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, torí èèyàn tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ní nǹkan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ lọ bá ìyá ẹlẹ́ja. Kíkì rẹ̀ àtijọ́ kò kú, tirẹ̀ ni, kí ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí dé ibí yìí lánàá, mo sì kà á fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo kà á tán, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Sàkíràtù, ìwọ ń ní kí ọmọ lọ jẹ́wọ́ fún àgbà. Alhaji Gàníyù kò ṣáà tíì kú.” Láàárọ̀ òní, mo wọ takisí, mo lọ sílé rẹ̀.

Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran, ó ṣì ń wa ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán. Jíà, kíkì, ọkọ̀ èrò, irọ́, àdúrà, gbogbo rẹ̀. Ó gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bínú, Àbẹ̀kẹ́, ó bínú gan-an. Ó ní, “O jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kíkì ni!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní kí n máa lọ. Mo dìde, omi ti bọ́ lójú mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Mi ò mọ ọkọ̀ yẹn wà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ti rà á, ojú sì ń tì mí láti sọ pé kí ẹnìkan kọ́ mi. Ká ní o béèrè ni, ǹ bá bú ọ, ṣùgbọ́n ǹ bá dé ibi ìsìnkú.” Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, òun sì dárí jì mí. Ó wá béèrè ohun tó jẹ́ kí n rántí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ fún un, ti Makepe, ti Madáàmù, ti ọjọ́ Jímọ̀.

Ó fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun á wa ọkọ̀ òun wá sí gáréèjì yín, àti pé òun ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án yàtọ̀ sí tìrẹ. Mo ní, “Alhaji, kò tíì gba iṣẹ́ náà o.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bọ̀ nìyẹn.”

Èmi ni bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ lónìí,
Múfútáù